Ìdí Òfì Ni Toyota Ti Kọ́gbọ́n

Bí a bá dárúkọ Toyota, ọkọ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣe ohun tó ṣe é fọkàn tán kò bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀. Ìdí òfì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1867 ni wọ́n bí Sakichi Toyoda ní ilẹ̀ Jàpáànù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń hunṣọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí mọ̀ pé bí òwú bá já, yóò dáwọ́ dúró, yóò so ó. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Yóò kàn máa hun aṣọ tó ti bàjẹ́ lọ ni. Nítorí náà, àfi kí ènìyàn máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí Toyoda àti ọmọ rẹ̀, Kiichiro, ṣe jáde ní 1924 a máa dá dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já. Òṣìṣẹ́ kan wá lè bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Kiichiro ló dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní 1937. Taiichi Ohno, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ wọn, lọ síbẹ̀ ní 1943, ó sì mú ọgbọ́n òfì náà dání. Níkẹyìn, wọ́n ta okùn sí ìtòsí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá rí àléébù yóò fà á, iná yóò tàn, ọ̀gá yóò sáré wá. Bí wọn kò bá tètè yanjú rẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ lásán! Mo ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan nígbà ìsinmi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ìyẹ̀fun tí a pò kò wú. N kò sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń bá wí. Búrẹ́dì ọjọ́ náà bàjẹ́ tán.

Ohno ní kí wọ́n máa bèèrè "kí ló dé?" lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀rọ dúró. Kí ló dé? Fíùsì jó, torí iṣẹ́ wọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn. Kí ló dé? Ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ. Pọ́ǹpù kò fà á dáadáa, torí irin inú rẹ̀ ti jẹ. Ó sì jẹ torí kò sí asẹ́ tí yóò dí èérún irin lọ́nà. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíùsì nìkan yóò tún pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ní tiwa, wọ́n yọ nínú owó ẹni tó po ìyẹ̀fun. Ọjọ́ kejì ni mo rí agolo yíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó gbóná, ìdérí rẹ̀ sì wà nílẹ̀.