ODI TI DÚRÓ, ÀWỌN ÈÈYÀN DÀ? ÌTÀN FUKUSHIMA

Ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọdún tuntun wọlé kí ẹ má gbọ́ ìwàásù lórí Nehemáyà. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi mọ odi Jerúsálẹ́mù parí, àwa pásítọ̀ sì fẹ́ràn iye ọjọ́ yẹn gan-an. A ó pariwo ìmúpadàbọ̀sípò, ìjọ á fò sókè. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ẹ ṣí orí 7 tó tẹ̀ lé e. Ẹ máa rí i pé lẹ́yìn gbogbo ariwo odi yẹn, ìlú ńlá náà ṣì dá páropáro, olùgbé ò tó nǹkan. Nígbà tó fi máa di orí 11, ṣe ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti mú ẹnì kan nínú mẹ́wàá wá gbé inú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n wàásù kèké yẹn ní àìsùn ọdún tuntun rí.

Ìtàn tó jẹ́ kí orí 11 yé mi wà ní Japan, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Fukushima. Ìlú méjì ló wà níbẹ̀, Okuma àti Futaba. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà tí wọ́n ń pè ní Fukushima Daiichi sí.

Kí ilé iṣẹ́ náà tó dé, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí òtútù bá dé tí oko ò ṣeé ro mọ́, àwọn ọkùnrin á fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, wọ́n á lọ ṣe lébìrà ní Tokyo. Nítorí náà, nígbà tí TEPCO, ilé iṣẹ́ mànàmáná Tokyo, bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé ní 1967, bí àdúrà tó gbà ló rí lójú ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1971, ríákítọ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí iná núkílíà ń jó nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó wọlé, iṣẹ́ wà, bàbá ń sùn nílé pẹ̀lú ọmọ. Ẹ má tètè bú wọn. Ẹni tí ebi ti lé kúrò nílé rí ló mọ adùn kéèyàn jí nílé ara rẹ̀. Àmọ́ iná tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn o, Tokyo àti àyíká rẹ̀ ló ń lò ó. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń fún àwọn ará Fukushima níná.

Ohun kan wà nínú ìkọ́lé yẹn tí mi ò lè fò. Òkè tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí ga tó mítà 35 sí òkun. Wọ́n gé e wálẹ̀ di mítà 10, kí ìpìlẹ̀ lè jókòó lórí àpáta, kí fífa omi òkun sókè má sì náni lówó jù. Ẹ ò rí i? Orí àpáta náà ni wọ́n kọ́lé sí, bí Jésù ṣe wí, àmọ́ wọ́n ti gbé àpáta náà wá síwájú ìgbì. Ní Onagawa, níhà àríwá, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Yanosuke Hirai tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n kọ́ tiwọn sókè dáadáa, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Onagawa sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì ju Fukushima lọ, síbẹ̀ ó là á já. Kódà inú ọgbà rẹ̀ ni àwọn ará ìlú tí omi gbé ilé wọn lọ sá sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 March 2011, ní aago 2:46 ọ̀sán, ilẹ̀ mì tìtì, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.0. Ríákítọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pa ara wọn bó ṣe yẹ. Iná tó ń wọlé láti ìta já, jẹnẹrétọ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ NEPA, ìyẹn ò ní ṣàjèjì sí yín. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí sùnámì dé. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 14, odi òkun wọn ò sì ga tó mítà 6. Omi bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Iná núkílíà kì í kú bí iná igi. Bí ẹ bá paná rẹ̀ tán, ooru ṣì ń jáde, ó gbọ́dọ̀ máa rí omi ṣáá. Kò sì sí iná tó máa fa omi sí i mọ́. Ohun tó wà nínú ríákítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ́, ó jó ìdí ìkòkò lu, ó dà sílẹ̀. Lọ́jọ́ 12, 14 àti 15 oṣù náà, gáàsì haidirójìn bú gbàmù, ó sì fọ́ àwọn ilé náà.

Ọ̀gá ibẹ̀, Masao Yoshida, ń fi omi òkun tu ríákítọ̀ kan lójú nígbà tí àṣẹ dé láti Tokyo pé kó dáwọ́ dúró. Ó rọra sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kó má dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà ló wá pàṣẹ ìdádúró sókè ketekete kí Tokyo lè gbọ́. Omi ò dúró. Jẹjẹrẹ pa bàbá yẹn ní 2013, lẹ́ni ọdún 58.

Bíi 160,000 èèyàn ló fi ilé wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ọjọ́ mélòó kan ni. Wọ́n gbé àwọn arúgbó kúrò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, àwọn kan sì kú sójú ọ̀nà. Ní ìpínlẹ̀ Fukushima, àwọn tí wàhálà sísá kiri pa lé ní 2,300, wọ́n pọ̀ ju àwọn tí ilẹ̀ mímì àti omi pa níbẹ̀ lọ.

Ìjọ onítẹ̀bọmi kan wà ní Okuma, tòsí ilé iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ìjọ kan àti pásítọ̀ wọn jọ rìn káàkiri bí ọmọ Ísírẹ́lì, wọ́n gba Yamagata, wọ́n dé Okutama lẹ́bàá Tokyo. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn tuntun sí Iwaki, nínú ìpínlẹ̀ Fukushima kan náà, àmọ́ kì í ṣe Okuma. Ilé ìjọsìn wọn àtijọ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé nígbà náà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ nínú ìjọ, ẹ fi ara yín síbẹ̀.

Ó wá ku iṣẹ́ títú ilé iṣẹ́ náà palẹ̀. Ìjọba àti TEPCO ní ọdún 30 sí 40 ni. Ní December 2014 wọ́n kó ìdì ọ̀pá ìdáná tó lé ní 1,500 kúrò ní ilé kẹrin, èyí tí kò yọ́. Ìyẹn ni apá tó rọrùn. Ohun tó yọ́ ní ilé kìn-ín-ní, èkejì àti ẹ̀kẹta tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 880, ìtànṣán rẹ̀ sì le débi pé èèyàn ò lè sún mọ́ ọn. Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń rán. Ní August 2024, wọ́n fẹ́ ti róbọ́ọ̀tì kan wọ ilé kejì bí ẹni ju ìwọ̀ ẹja. Kó tó wọlé, wọ́n rí i pé wọn ò to páìpù tó máa tì í bó ṣe yẹ. Wọ́n dáwọ́ dúró. Ní September, kámẹ́rà ò gbé àwòrán wá. Wọ́n tún dáwọ́ dúró. Ní November ló tó bọ́ sí i, ó mú ohun tó wọn gíráàmù 0.7 jáde. Bí ẹyọ àgbàdo méjì tàbí mẹ́ta lórí ìwọ̀n! Lẹ́yìn ọdún 13, nínú tọ́ọ̀nù 880.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rí i pé páìpù ò tò dáadáa, tí wọ́n sọ ọ́ síta, tí wọ́n padà sẹ́yìn nígbà tí gbogbo ayé ń wò wọ́n, ó wù mí kí irú wọn wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa. Ní July 2025, TEPCO jẹ́wọ́ pé kíkó o jáde lọ́pọ̀ yanturu ò lè bẹ̀rẹ̀ kó tó di 2037.

Ti omi tún wà ńbẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń tu ohun tó yọ́ lójú, àti omi ilẹ̀ tó ń wọlé, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú táńkì, táńkì sì lé ní 1,000. Ní 2015, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn apẹja pé wọn ò ní ṣe ohunkóhun sí i láìjẹ́ pé ó yé wọn. Ní 24 August 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ omi òkun, wọ́n ń tú u sínú Pàsífíìkì, àwọn apẹja ṣì ń sọ pé àwọn ò gbà. Àjọ àgbáyé tó ń mójú tó núkílíà, IAEA, ní ewu rẹ̀ kò tó nǹkan, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìlérí ni ìlérí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ṣáínà ní òun ò ra ẹja Japan mọ́, ta ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ bí kò ṣe apẹja?

Ẹ jẹ́ ká wọ ìlú wàyí. Futaba ló pẹ́ jù. Ìjọba ìlú yẹn kó lọ sí ilé ìwé kan ní Saitama, ó tún kó lọ sí Iwaki, kó tó di 30 August 2022 tí wọ́n ṣí apá kan ìlú. Ó lé ní ọdún 11. Bíi 7,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ṣí i, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tíì tó 200. Ọ̀nà wà, ibùdókọ̀ ojú irin tuntun wà, ilé ìjọba ìlú ń dán. Odi ti parí.

Àwọn tí kò padà ńkọ́? Ọmọ tó fi ìlú sílẹ̀ lọ́mọ ọdún méje ti di ọmọ ọdún 18 níbòmíràn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá ń rò ó bóyá erùpẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Erùpẹ̀ tí wọ́n hó kúrò káàkiri ìpínlẹ̀ náà, àyíká ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n kó o sí, lórí ilẹ̀ baba àwọn ará Okuma àti Futaba, òfin sì sọ pé 2045 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó o jáde. Ẹ má pe ẹni tí kò padà ní aláìnígbàgbọ́. Dáníẹ́lì náà ò padà sí Jerúsálẹ́mù.

Ìjọba ń gbìyànjú. Wọ́n kọ́ ibi ìdánwò róbọ́ọ̀tì sí Minamisoma, wọ́n ń ṣe haidirójìn ní Namie. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ róbọ́ọ̀tì kì í bímọ, kì í kí aládùúgbò. Ohun tó múnú mi dùn jù ni pé ilé ìwé tún ṣí ní Okuma ní 2023, àwọn ọmọ kan tí wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Òbí wọn ló yàn láti kó wá. Nínú Nehemáyà 11, lẹ́yìn kèké, àwọn kan fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn láti lọ gbé ìlú náà, gbogbo èèyàn sì súre fún wọn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Pátákó kan wà lókè òpópónà Futaba láyé ọjọ́un, tó ń yin núkílíà pé òun ni agbára ọjọ́ iwájú tó mọ́lẹ̀. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú náà ló ro ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ní 2015, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ náà ti dàgbà, òun náà ti sá kúrò nílùú, òun ló sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àmọ́ wọn ò dà á nù, ilé ìrántí tí wọ́n kọ́ sí Futaba ló wà báyìí.

Ní ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú, orí 11 la máa kà, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí a máa ń fò nínú rẹ̀. Ẹ tètè dé.