Ìtàn Ìwé Ẹ̀rí Dókítà Tí Wọ́n Ń Béèrè Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní Torino, Padova, Verona àti Brescia, bí ọmọ yín bá fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje nínú bọ́ọ̀lù tàbí eré sísá, ìwé ẹ̀rí dókítà ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kùn sí i. A ó ní ọmọ tí ara rẹ̀ le koko, kí ni dókítà tún ń wá lára rẹ̀? Ìwé náà ní ìtàn, ìlú tí ẹ ń gbé gan-an ni ìtàn ọ̀hún sì ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1569, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Girolamo Mercuriale tẹ ìwé jáde ní Venice lórí eré ìdárayá. Ọdún yẹn kan náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Padova. Ó ṣa ohun tí àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ kọ jọ, ó sì fi hàn pé ọ̀ràn oníṣègùn ni eré ìdárayá: ohun tí ó yẹ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn àìsàn.

Ṣùgbọ́n ti Torino ni ó wù mí jù. Angelo Mosso, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ṣe ẹ̀rọ kan láti fi wọn àárẹ̀. A ó de apá ènìyàn mọ́lẹ̀, a ó fi okùn so ìwọ̀n wúwo mọ́ ìka rẹ̀, yóò sì máa fà á sókè léraléra títí ìka yóò fi kọ̀. Ìwé rẹ̀ lórí àárẹ̀ jáde ní 1891. Òun àti Arnaldo Maggiora rí i pé bí ìka bá fa ìwọ̀n náà ní nǹkan bí ìgbà 30 títí agbára rẹ̀ fi tán pátápátá, ó ń gbà tó wákàtí méjì kí ó tó bọ̀ sípò. Bí a bá dá a dúró ní ìgbà 15, ààbọ̀ wákàtí péré ti tó. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: iṣẹ́ dín kù sí ìdajì, ìsinmi dín kù sí ìdámẹ́rin. Iṣẹ́ tí a fi ipá ṣe lẹ́yìn tí ó ti rẹ ara ni ó ń ba ara jẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan kí ẹ tó mọ èyí.) Ẹsẹ̀ tí ó rọ́ tilẹ̀ ju àárẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọmọ yín lójú láti padà sórí pápá.

Ní 1982 ni ìjọba Ítálì sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí yóò bá figa gbága nínú eré ìdárayá kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò, kí a sì fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù sórí ìwé. Àwọn oníṣègùn Padova ka iye ọ̀dọ́ eléré ìdárayá tí ó ń kú ikú òjijì ní ẹkùn Veneto. Ní 1979 sí 1980, ó jẹ́ 3.6 nínú 100,000 lọ́dún. Ní 2003 sí 2004, ó ti wálẹ̀ sí 0.4. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 2006.

Ẹ sì rántí Nwankwo Kanu. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, ó dé Milan láti gbá bọ́ọ̀lù fún Inter, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀ ní àlèébù. Ọmọ ogún ọdún ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó sinmi, ó padà sórí pápá ní 1997. Ní 2010 ó ṣì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó lọ sí Ife Àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà.

Ohun kan kù tí ẹ̀rọ kò lè rí. Dókítà yóò béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé yín ti kú ikú òjijì ní kékeré. Láàárín wa, a máa ń ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀tá, a kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú àlejò. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.