APOL1: Jíìnì tó ń pa kòkòrò àìsàn oorun, tó tún ń dọdẹ kíndìnrín

Lọ́dún 2017, ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ní àìsàn fònìkú-fọ̀ladìde lórílẹ̀-èdè Cameroon. Ilé ìwòsàn Laquintinie nílùú Douala ni wọ́n ti rí lára àwọn aláìsàn náà, Yaoundé ni wọ́n ti rí àwọn yòókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambroise Wonkam, ọmọ Cameroon tó gbóná nínú ìmọ̀ jíìnì, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí kíndìnrín àwọn kan fi ń tètè bàjẹ́ ju ti àwọn mìíràn lọ, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn kan náà ló ń bá wọn fínra.

Jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1 wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ tó léwu ń bá purotéènì tó ń jáde nínú ìtọ̀ rìn, èyí tó jẹ́ àmì pé kíndìnrín ti ń jò.

Lónìí, ẹni tó wà ní Houston tàbí Atlanta lè tutọ́ sínú ike kékeré, kó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA, kó sì mọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan bóyá òun ní ẹ̀dà yìí. Àmọ́ ìtàn jíìnì náà ti pẹ́ ju ike itọ́ lọ, Cameroon sì wà nínú rẹ̀.

Dókítà Jamot àti àìsàn oorun

Lọ́dún 1922 ni Eugène Jamot, dókítà ológun ọmọ Faransé, dé Cameroon, tó sì fi ìlú Ayos ṣe ibùdó. Àìsàn oorun ń run abúlé lásìkò náà. Eṣinṣin tsetse ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Bí kòkòrò náà bá dé ọpọlọ, ẹni náà á máa sùn lọ́sàn-án, kò ní lè sùn lóru, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dàrú. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ikú ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Jamot kò jókòó kí aláìsàn wá bá òun. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé pẹ̀lú ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wọ́n ń fọwọ́ kan ọrùn àwọn èèyàn bóyá ó wú, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè kò lè sọ pé òun kò wá. Ìjọba amúnisìn ló pàṣẹ. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Bafia, dókítà kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ lo oògùn tryparsamide kọjá ìwọ̀n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì fọ́jú. Lọ́dún 1931, wọ́n mú Jamot ní Dakar nítorí ọ̀rọ̀ náà. Kò padà sí Cameroon mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní ohun ìjà tirẹ̀. Purotéènì tí jíìnì APOL1 ń ṣe máa ń pa ọ̀pọ̀ irú kòkòrò yìí. Ìdí nìyẹn tí irú tó ń pa màlúù kì í fi í ṣe èèyàn ní nǹkan. Irú méjì péré ló mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ohun ìjà náà sílẹ̀: gambiense ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, àti rhodesiense ní Ìlà Oòrùn.

Ẹ̀jẹ̀ láti Ìbàdàn

Lọ́dún 2010, ikọ̀ onímọ̀ tí Martin Pollak ní Boston àti Etienne Pays ní Brussels wà nínú rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ń wá ìdí tí kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Wọ́n rí ẹ̀dà APOL1 méjì, wọ́n pè wọ́n ní G1 àti G2. Àwọn ẹ̀dà yìí ń pa rhodesiense tí APOL1 lásán kò rí pa, àmọ́ wọ́n tún ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS yóò tètè lóye èyí. Ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí AS ṣe ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tí SS sì ń ni í lára, bẹ́ẹ̀ ni APOL1 náà: ẹni tó gba ẹ̀dà tó léwu lọ́wọ́ òbí méjèèjì ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Nínú ìwádìí 2010 náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ àgbáyé kan tó ń jẹ́ HapMap wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀wò. G1 jẹ́ bíi 38 nínú gbogbo 100 ẹ̀dà jíìnì náà tí wọ́n kà láàrin àwọn Yorùbá. Wọn kò rí i rárá láàrin àwọn ará Yúróòpù, Japan àti China.

Ọ̀rọ̀ yìí ní kókó tó ta. Ìlà Oòrùn ni rhodesiense wà. Kí ló wá mú kí ẹ̀dà tó ń pa á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Guinea àti Uganda, tó jáde lọ́dún 2017, sọ pé ẹni tó ní G1 lè gbé gambiense sára láìjẹ́ pé ó dùbúlẹ̀ àìsàn. G2 ní tirẹ̀ ń dáàbò boni lọ́wọ́ rhodesiense, ṣùgbọ́n ó ń mú kí gambiense le sí i. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀.

Kí ni ike itọ́ lè sọ?

Ilé iṣẹ́ 23andMe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní kó dá títa àyẹ̀wò ìlera dúró, nítorí kò tíì fi hàn pé èsì rẹ̀ ṣeé gbára lé. Lọ́dún 2017, FDA fọwọ́ sí àwọn kan. Nígbà tó yá, APOL1 náà wọ inú èsì tí àwọn oníbàárà kan ń rí gbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i pé òun ní ẹ̀dà méjì kò gbọdọ̀ ka ara rẹ̀ mọ́ aláìsàn. Bíi 13 nínú 100 aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ní in, kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní dáṣẹ́ sílẹ̀ láéláé. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2024 yẹ 8,355 èèyàn wò ní Nàìjíríà àti Ghana. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó ní ẹ̀dà méjì, èyí sì fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kódà ẹ̀dà kan ṣoṣo fi ìdá 18 kún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀dà kan kì í ṣe nǹkan kan.

Itọ́ kò sì lè sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí. Àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá ló ń sọ ìyẹn, wọ́n sì ń ṣe é ní Douala àti Ìbàdàn láìfi ike kankan ránṣẹ́ sókè òkun.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà tún wà ńlẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, 23andMe lọ sílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. DNA àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 15 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ California rán àwọn èèyàn létí pé wọ́n lè ní kí wọ́n pa tiwọn rẹ́. Ẹgbẹ́ tí Anne Wojcicki, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ń darí ló padà rà á ní mílíọ̀nù 305 dọ́là.

Ní ti oògùn, lọ́dún 2023, èsì ìdánwò inaxaplin, oògùn oníkóró tó ń dí ọ̀nà mọ́ purotéènì APOL1, jáde. Lára èèyàn 13 tí wọ́n ka èsì wọn, purotéènì inú ìtọ̀ dínkù pẹ̀lú ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 13. Wọ́n ti ń dán an wò lára èèyàn púpọ̀ sí i.