Epo Tó Ń Ba Aṣọ Jẹ́ Náà Ló Di Ọṣẹ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fọ Àbàwọ́n

 

Níbi ìnáwó ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ẹnì kan da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ elépo sórí aṣọ tábìlì funfun tí a yá mọ́ gbọ̀ngàn. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, epo ti tàn ká ààrin tábìlì. Mo sáré bọ́ sí ilé ìdáná láti wá ọṣẹ. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin tó ti da bílíìṣì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì gbé ìgò fínígà dání, tó fẹ́ dà á lé e lórí. Mo pariwo débi pé àwọn onílù dákẹ́. Ọmọ náà wárìrì, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, kí ni mo ṣe?" Mo ní kò ṣẹ̀ mí rárá, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ gùn, n ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa kí gbogbo ilé lè kà á. Ìlérí náà ni mo wá mú ṣẹ lónìí.

Ọṣẹ àwọn ìyá wa

Àwọn àgbà ní ìka kan tó bá tọ́ epo, yóò ran àwọn ìyókù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo kan náà tó ń ba aṣọ jẹ́ yìí ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ tó ń fọ aṣọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á sá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti ja ẹyìn kúrò lára rẹ̀, sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì sun ún di eérú. Nígbà tí kòkó dé ilẹ̀ wa ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èèpo kòkó náà wá kún un. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á da omi sí i, omi náà á sì máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn tó wà lábẹ́. Omi eérú yìí kì í ṣe omi lásán, ó lè bó èèyàn lọ́wọ́. Òun ni wọ́n á wá sè pọ̀ mọ́ epo pupa tàbí àdín, tí wọ́n á máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki, tí yóò sì dúdú.

Àwọn ìyá wọ̀nyí kò lọ sí yàrá ìwádìí kankan, síbẹ̀ iṣẹ́ kẹ́mísìtírì gidi ni wọ́n ń ṣe. Inú eérú ewéko ni pọ́táàṣì wà, pọ́táàṣì ló sì ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ rírọ̀. Bó bá jẹ́ sódà ni a lò dípò pọ́táàṣì, ọṣẹ líle tí a lè gé bí i búrẹ́dì ni yóò jáde. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ méjèèjì ló ní ọwọ́ méjì: ọwọ́ kan ń di ọ̀rá mú, èkejì ń di omi mú. Bí a bá ti ń bó aṣọ, ọṣẹ á tú ọ̀rá kúrò lára òwú, omi á sì gbé e lọ. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ pé ọṣẹ dúdú dọ̀tí nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọṣẹ pátápátá ni.

Omi eérú kan náà ni àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń pa ẹlú láró kí wọ́n tó rẹ àdìrẹ sí i. Ọṣẹ wa náà sì rìn jìnnà. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn àtọmọdọ́mọ wọn kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kó o wọlé láti etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ tí wọ́n sì pè é ni sabão da costa, ìyẹn ni ọṣẹ tó ti etíkun Áfíríkà wá. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀ ṣì ń fi í wẹ̀.

Epo di ọjà ní Liverpool

Ní 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú lórí òkun. Àwọn oníṣòwò Liverpool tí wọ́n ti mọ ọ̀nà etíkun wa tẹ́lẹ̀ kò padà sílé lásán. Epo ni wọ́n yí sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ yìí nílò ọ̀rá láti fi kun ẹ̀rọ, àwọn tó ń ṣe àbẹ́là nílò rẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ sì nílò rẹ̀ jù. Ọmọ Faransé kan, Nicolas Leblanc, ti rí ọ̀nà ní 1791 láti sọ iyọ̀ di sódà, èyí tó jẹ́ pé wọn kò ní láti sun igi tàbí ewé òkun mọ́ kí wọ́n tó rí eérú. Ọ̀rá ló wá kù. Ní àwọn ọdún 1840, epo tó ń wọ ilẹ̀ yìí láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ju 20,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún kan.

Ta ló ń ru epo yìí wá sí etí ọ̀sà? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú wọn ẹrú àti ìwọ̀fà ni. Òwò epo tí wọ́n ní yóò rọ́pò òwò ẹrú mú kí àwọn ọlọ́rọ̀ ilé wa túbọ̀ nílò ẹrú tí yóò máa ja ẹyìn, tí yóò máa fún epo, tí yóò sì máa rù ú lọ sọ́jà. Ẹ̀fúnróyè Tinúubú tí gbogbo wa mọ̀, tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ta epo, ó sì ṣòwò ẹrú pẹ̀lú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn. Wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n sì gbà á ní 1861. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni, ṣùgbọ́n òwò epo wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú.

Nílé tiwọn níhìn-ín, ọṣẹ kò tíì di ti mẹ̀kúnnù. Owó orí wà lórí ọṣẹ títí di 1853, nígbà tí William Gladstone mú un kúrò. Láti ìgbà náà ni iye tí wọ́n ń ṣe ti ń pọ̀ sí i. Ní àárín àwọn ọdún 1880, William Lever àti àbúrò rẹ̀ James bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ Sunlight. Wọ́n ń gé e ní ìwọ̀n kéékèèké, wọ́n sì ń fi bébà wé e, dípò pípọ́n ọn lára ọ̀pá ńlá bí àwọn onísọ́ọ̀bù ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1888 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Port Sunlight, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, sí òdìkejì odò sí Liverpool. Ilé tó dára ni, ọgbà òdòdó sì wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ní Kóńgò, níbi tí Lever ti gba ilẹ̀ ọ̀pẹ ní 1911, wọ́n fi tipátipá kó àwọn èèyàn lọ gé ẹyìn. Ó fẹ́ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ìjọba amúnisìn kò gbà fún un. Ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀.

Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ Lever forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì kọ́ ilé ọṣẹ sí Apápá. Bí epo wa ṣe rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun nìyẹn, tó sì padà wá di ọṣẹ tí a ń fi owó rà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá rẹ̀ fi Sunlight àti Omo fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tó sì fi búlúù Reckitt ṣan aṣọ funfun kó lè dán. Búlúù yẹn náà ni wọ́n fi ń kun orí ère ìbejì. Ní 2023, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn tí wọ́n dé, Unilever Nàìjíríà kéde pé àwọn ń fi òwò ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú kò kéde ohunkóhun ní tiwọn. Wọ́n ṣì ń rò ó.

Bílíìṣì: ọ̀rẹ́ tó lè di ọ̀tá

Kí bílíìṣì tó dé, bí àwọn òyìnbó bá fẹ́ kí aṣọ funfun, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú àti wàrà kíkan, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí koríko fún oòrùn àti ìrì. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 1774, Carl Scheele ní ilẹ̀ Sweden ṣàwárí gáàsì kan tí a ń pè ní chlorine. Ní àwọn ọdún 1780, Claude Berthollet ní ilẹ̀ Faransé rí i pé ó ń mú aṣọ funfun kíákíá. Ní 1799, Charles Tennant ní Glasgow gba àṣẹ lórí ìyẹ̀fun kan tí gáàsì yìí wà nínú rẹ̀, tí a lè kó sínú àpò, tí a sì lè tà. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ wá di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀.

Àwa nọ́ọ̀sì kò lè gbàgbé ọdún 1847. Ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún kan ní Vienna, àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ń kú nítorí ibà. Dókítà Ignaz Semmelweis kíyè sí i pé láti ibi tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn dókítà ti ń wá gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n po irú ìyẹ̀fun yẹn sí fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nǹkan bí ìyá 18 nínú 100 ló ń kú. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti dín sí nǹkan bí ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ilé àwọn wèrè ló kú sí ní 1865. Ìtàn yìí ni olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọwọ́ fífọ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ yìí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, ní Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú chlorine yìí kan náà sínú afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ ogun tó wà nínú kòtò, àti ọmọ Faransé àti àwọn ará Áfíríkà tí Faransé kó wá jagun. Ó jó wọn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló fara gbá a.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló kan bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Òun gan-an ni. Bí a bá da fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ọṣẹ ṣáláńgá tó ní ásíìdì sínú bílíìṣì, chlorine á jáde nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó ní amóníà ni a dà sí i, gáàsì mìíràn tó burú bẹ́ẹ̀ ni yóò jáde. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí oògùn kan bá lágbára, méjì yóò lágbára jù. Ìyá kan nínú àwọn èèyàn wa ni wọ́n gbé wá bá wa lóru ọjọ́ kan. Ó ti da ọ̀nà méjì pọ̀ sínú ṣáláńgá, ó ti fèrèsé nítorí òtútù, ó sì kúnlẹ̀ ó ń fọ̀ ọ́. Ìmọ́tótó ló ń wá. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló fi ń wúkọ́. Ọpẹ́ ni pé ó yè é. Ìdí tí mo fi pariwo nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí

Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́. Bílíìṣì ni ẹ lò? Ẹ má da ohunkóhun mọ́ ọn ju omi tútù lọ, kí ẹ sì ṣí fèrèsé, kódà bí yìnyín ń bọ́. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì pò ó, tí ojú ń ta yín, tí ẹ ń wúkọ́, ẹ má dúró dà á nù. Ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ jáde síta, bí mímí bá ṣòro ẹ pe 999.

Ọ̀pọ̀ àbàwọ́n ni kò tilẹ̀ nílò bílíìṣì. Ẹ̀jẹ̀: omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á mú un dì mọ́ aṣọ. Ìpẹtà: ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, kí ẹ sá a sínú oòrùn, kí ẹ sì fi omi ṣan án dáadáa. Bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ kan ìpẹtà, á mú un le sí i ni. Epo pupa: ẹ fi bébà fà á kúrò, ẹ má fi ra á. Ẹ ta ọṣẹ ìfọwo sí i, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá sá a. Àwọ̀ inú epo bá ti inú kárọ́ọ̀tì tan, oòrùn sì ń pa á. Àwọn ìyá wa tó ń sá aṣọ sórí koríko lẹ́yìn ilé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bí a ti ṣe aṣọ tábìlì ọjọ́ yẹn náà nìyẹn. Ọmọ tí mo pariwo mọ́ ló fọ̀ ọ́, èmi dúró tì í. Oòrùn ilẹ̀ yìí kò mú bíi ti ilé, ó gbà wá ní ọjọ́ méjì lórí okùn ẹ̀yìn ilé mi, ṣùgbọ́n ó mọ́. Àwọn onígbọ̀ngàn dá owó wa padà pé. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ní í mú ọwọ́ mọ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ, ẹ sì sọ fún aládùúgbò.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ó dìgbà kan ná.