Ìwé Tí Mo Sá Nígbà Ọyẹ́

Lọ́dọọdún, bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti kọjá ìdajì, tí ọyẹ́ sì ti mú, iṣẹ́ kan wà nílé mi ní Ìsẹ́yìn tí n kì í fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kó àwọn ìwé mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo sì máa ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn gbígbẹ náà lè fa ọ̀rinrin òjò kúrò lára wọn, kí n sì lè mọ èyí tí ikán ti bẹ̀ wò. Lásìkò bẹ́ẹ̀, Òkè Ebèdi kì í hàn dáadáa mọ́ nínú eruku. Ìró òfì a sì máa dún láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, nítorí àwọn ọmọ ìlú tó ń bọ̀ wá ṣọdún láti Èkó àti Ìbàdàn kì í fẹ́ kí aṣọ wọn pẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ.

Ní ọdún tó kọjá, ikán ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí mo fi kọ ìtàn tí bàbá arúgbó kan sọ fún mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, nípa bí wọ́n ṣe ṣí kúrò ní Òkèhò àtijọ́ nígbà tí òun wà ní ọmọdé. Ìdajì rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Bàbá náà sì ti wàjà ọjọ́ pẹ́. Mo jókòó ti ìwé náà fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà nípa ọ̀rọ̀ yìí kò farasin. Ogun àti ìkónilẹ́rú ló mú kí abúlé mọ́kànlá kóra jọ sáàárín àwọn òkè ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí wọ́n fi di Òkèhò. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò ìjọba amúnisìn, sí ilé-ẹjọ́ tuntun àti sí ọ̀nà tí William Ross, ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, ń gbà pín agbára láàárín àwọn ọba. Ìjọba fi ọmọ ogun paná rẹ̀. Ní ọdún 1917, wọ́n ní kí àwọn ará Òkèhò sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí ìlú náà wà lónìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atanda kọ ìtàn ìdìde náà jáde ní 1969.

Ṣùgbọ́n ìwé onímọ̀ kì í sábà bèèrè ohun tí ọmọdé gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìlú ń ṣí. Bàbá sọ ọ́ fún mi. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ rìn, àti igi tí wọ́n sinmi sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni ikán jẹ.

Ìwé méjì tí mo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló tù mí nínú lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìrìn-àjò Hugh Clapperton. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1825 ló kúrò ní Àgbádárìgì. Kí ọdún náà tó parí, Pearce àti Morrison tí wọ́n jọ ń lọ ti dùbúlẹ̀ àìsàn, àìsàn náà ló sì pa wọ́n. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1826 ó dé Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì kọ ọ́ pé odi ìlú náà tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yíká, pẹ̀lú ẹnubodè mẹ́wàá. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sígbà náà, ìlú ńlá yẹn tú. Clapperton kú ní Sókótó ní 1827. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, ló gbé àwọn ìwé náà padà sílé, tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829.

Èkejì ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílùú òyìnbó, ibẹ̀ ló sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àjákù ìwé tó kù jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Òun náà ti kú kí ìwé náà tó jáde ní 1921.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó: nínú méjèèjì, ẹni tó kọ ìwé kọ́ ló mú un délé. Ìwé kì í dá rìn. Ó ń fẹ́ alábàárù.

Ilẹ̀ náà ń gbìyànjú. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ṣakí lẹ́yìn tí iná pápá ti jó koríko, ẹ ó rí àpáàdì, ẹ ó rí ojú ọlọ lára àpáta, ẹ ó rí igi osè tó dá dúró níbi tí agboolé ti wà rí. Ilẹ̀ a máa pa ibi tí ènìyàn gbé mọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa orúkọ mọ́.

Nítorí náà, kí ọdún tó parí, mo mú ọmọ àbúrò mi obìnrin dání, a lọ sí Òkèhò, sọ́dọ̀ ọmọ bàbá náà, tí òun pàápàá ti darúgbó.

“Ẹ kú ọyẹ́ o, Ìyá,” ni mo wí. Mo ka ìdajì tó ṣẹ́kù fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti gbé adìyẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, kì í ṣe adìyẹ. Ẹyẹlé ni. Bàbá mi kò sọ ọ́ lọ́nà mìíràn rí.”

Nínú orúkọ márùn-ún tó sọnù, wọ́n rántí méjì. Ọmọ àbúrò mi kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún Ìyá, a mú èkejì bọ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Ó fi àlàfo sílẹ̀ fún mẹ́ta tó kù.