Kábúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Kábúrétọ̀ ni ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tó ń po bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó wọ inú sìlíńdà lọ jó. Lórí ọ̀sà Èkó, ní Mákòkó, Èbúté Èrò, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tí àwọn apẹja àti àwọn tó ń kó èrò ń lò. Ọ̀kan tí ojú mọ̀ dáadáa nínú wọn ni Yamaha Enduro, ẹ́ńjìnnì two-stroke alágbára ẹṣin 40. Bí kábúrétọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ṣe déédéé, ọkọ̀ á tètè gbéra, epo á sì pẹ́. Bí kò bá ṣe déédéé, ó lè dá èrò dúró sí àárín ọ̀sà lálẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó yé. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà á gba ojú ọ̀nà tó há láàárín kábúrétọ̀ kọjá. Níbi tó ti há yẹn, eré afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i, agbára ìtẹ̀ rẹ̀ á dínkù, epo inú abọ́ ìsàlẹ̀ á sì gba ihò jẹ́ẹ̀tì jáde. Fúlóòtì tó léfòó nínú abọ́ ló ń ṣọ́ epo: bí epo bá ti kún, fúlóòtì á ti abẹ́rẹ́ kan sókè, á dí ẹnu ọ̀nà. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá wà lórí eré. Jẹ́ẹ̀tì kékeré, tí síkúrù kan ń darí, ló ń bọ́ ọ nígbà tó bá wà lórí sílóò. Kìlógíráàmù 1 bẹntiróòlù nílò nǹkan bíi kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ fẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 1 sí afẹ́fẹ́ 12 tàbí 13.

Orí odò wà lára ibi àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1886, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ọ̀kan sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Neckar, wọ́n sì wà á lórí odò Neckar ní Cannstatt, ní Jámánì. Lọ́dún 1888, ọkọ̀ mìíràn, Marie, di ti Otto von Bismarck, olórí ìjọba Jámánì. Nínú kábúrétọ̀ ayé ìgbà náà, afẹ́fẹ́ kàn ń fẹ́ kọjá lára epo ni, á sì gbé oru rẹ̀ lọ. Ní 1893 ni Donát Bánki àti János Csonka ní Họ́ńgárì, àti Maybach fúnra rẹ̀ ní Jámánì, ṣe èyí tó ń tú epo jáde láti ẹnu ihò tín-ín-rín. Irú rẹ̀ náà ló wà ní ìdí ọkọ̀ wa títí di òní.

Kì í ṣe bẹntiróòlù nìkan ni kábúrétọ̀ ń pò. Ní Berlin, ilé iṣẹ́ König ṣe ẹ́ńjìnnì ìdíje ojú omi tó lókìkí gan-an. Methanol ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu. Níwọ̀n bí kìlógíráàmù 1 methanol kò ti nílò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 6.4 afẹ́fẹ́ lọ, ihò jẹ́ẹ̀tì wọn gbọ́dọ̀ tóbi ju ti bẹntiróòlù lọ dáadáa. Ìyẹn fi hàn pé irú epo ló ń sọ bí jẹ́ẹ̀tì yóò ṣe rí, kì í ṣe ojú tí a fi wo ẹ́ńjìnnì.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ kábúrétọ̀ mọ́tò kó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi. Bí ti mọ́tò bá kún àkúnya, ilẹ̀ ni epo ń kán sí, atẹ́gùn á sì gbé òórùn rẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ omi, oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń rọra kó jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, iná kékeré kan péré sì tó láti mú un bú gbàù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ti ojú omi lọ́nà tí epo tó bá kún á padà sínú ọ̀fun kábúrétọ̀, tí wọ́n sì ń fi ohun tó ń dènà ọwọ́ iná bo ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́.

Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn awakọ̀ ń pè ní wàhálà síkúrù, ìdọ̀tí ni. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà létí omi sábà máa ń ní omi nínú. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà bí mẹkáníkì bá tú abọ́ kábúrétọ̀ sínú ike funfun, á rí i tó ń yí kiri nísàlẹ̀ ike ní róbótó-róbótó. Epo tó ti pẹ́ nínú abọ́ ń di nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ihò, atẹ́gùn oníyọ̀ sì ń mú kí jẹ́ẹ̀tì onídẹ di aláwọ̀ ewé. Atẹ́gùn kọ̀m̀pírésọ̀ àti oògùn ìfọ kábúrétọ̀ ló yẹ ihò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà gún un ti fẹ ihò náà lójú, jẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kì í sì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ wọ̀n mọ́.

Lẹ́yìn ìfọ̀ ni sísẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á rọra yí síkúrù sílóò wọlé títí tó fi kan ìdí, láìfi agbára dè é, nítorí ẹnu rẹ̀ tó mú lè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí i padà sẹ́yìn ní iye ìgbà tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, tó sábà máa ń wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná dáadáa. Inú omi gan-an ni iṣẹ́ yìí ti yẹ kó wáyé, kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ èbúté, kí jíà wà níwájú, nítorí omi tó ń ti èéfín padà àti ẹrù tí àjẹ̀ ń tì ń yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà. Èyí tí wọ́n bá sẹ́ẹ̀tì lórí ilẹ̀ sábà máa ń kú bí wọ́n bá fi sí jíà lórí omi. Wọ́n á máa yí síkúrù wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi máa sín, wọ́n á sì máa yí i padà títí ohùn rẹ̀ á fi dán. Ibi tó bá ti dán, ó yẹ kí wọ́n fi epo kún un díẹ̀ sí i, kí wọ́n wá ṣí sírọ́tù tó ń darí eré lójijì. Bó bá ṣì sín, epo kò tíì tó.

Mo fi ara mọ́ fífi epo kún un díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ná ni lówó. Nínú two-stroke, inú bẹntiróòlù ni ọ́ìlì wà, lítà 1 sí lítà 50 fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí jẹ́ẹ̀tì bá ń fi ebi epo pa á, ebi ọ́ìlì náà ló ń pa á yẹn. Písítìnì á gbóná kọjá ààlà, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí: àwọ̀ ilẹ̀ dára, dúdú tó ní èédú túmọ̀ sí pé epo ti pọ̀ jù, funfun tó dà bíi pé iná jó o, ewu ti dé.

Ìnáwó kò ṣeé fojú di o. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tó wà ní nǹkan bíi náírà 185 fò kọjá 480. Two-stroke oníkábúrétọ̀ tilẹ̀ lè tu bí ìdá kan nínú mẹ́rin epo rẹ̀ dànù sínú omi láìjó, ohun tó mú kí Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1996 láti dín ìbàjẹ́ tí irú rẹ̀ ń ṣe kù. Fífún síkúrù pa kò lè wo àrùn yìí. Ẹ́ńjìnnì four-stroke tàbí èyí tó ń fi ẹ̀rọ tu epo ló lè wò ó. Títí a ó fi lówó rẹ̀, kí àwọn awakọ̀ omi máa sẹ́ epo kó tó wọ táǹkì, kí wọ́n sì máa yọ púlọ́ọ̀gì wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan síkúrù.