Awakọ̀ Tó Jókòó àti Agbowó Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn



Ní ilé púpọ̀ lágbègbè wa, bí ìyá tàbí bàbá bá ti di àgbà, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn ọmọ máa ń sọ fún wọn: "Ẹ jókòó, ẹ sinmi." Bí ìyá bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí bàbá bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn ní abúlé kejì, wọ́n á pe ọmọ tó ní alùpùpù pé kó gbé wọn lọ. Ìfẹ́ ni. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ṣé jíjókòó ni ara àgbà ń fẹ́ lóòótọ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí wọ́n ṣe rí ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1700, dókítà kan ní ilẹ̀ Ítálì, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé kan jáde nípa àìsàn tí oríṣiríṣi iṣẹ́ ń fà. Ó ní kí dókítà máa bi aláìsàn léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó wo àwọn télọ̀ àti àwọn aránbàtà tí wọ́n ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Ó rí i pé ara wọn kò le. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lo ara wọn, ó kéré tán ní ọjọ́ ìsinmi. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Ó ku kí ẹnì kan ka iye ènìyàn, kó fi iye wé iye. Ìyẹn pẹ́ gan-an kó tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àìsàn ọkàn ń pa ọkùnrin púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin tí a rí lánàá pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, á di àyà mú lónìí, á ṣubú, ó parí. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jerry Morris. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i, ní ìlú Liverpool. Ó ti ṣe dókítà ológun nígbà ogun. Ó rò ó pé bóyá iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Bó bá fi àgbẹ̀ wé akọ̀wé, oúnjẹ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ilé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, owó wọn náà yàtọ̀. Kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni tàbí oúnjẹ. Ó ń wá irú ènìyàn méjì tí wọ́n jọra nínú ohun púpọ̀, àfi nínú iṣẹ́ wọn.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti rí wọn.

Bọ́ọ̀sì ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà jẹ́ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èrò wà nísàlẹ̀, èrò wà lókè. Ènìyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń wa ọkọ̀, èkejì ń gba owó, ó sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Awakọ̀ á jókòó títí iṣẹ́ fi máa parí. Agbowó kì í jókòó. Á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, àtẹ̀gùn 500 sí 750 ló ń gùn. Ẹ tún nọ́ńbà náà kà. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ló gba àwọn méjèèjì, ipò wọn láwùjọ kò sì jìnnà síra.

Láti ọdún 1949, Morris àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń ka àkọsílẹ̀ àìsàn àti ikú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n tó 31,000 ọkùnrin, láti ẹni ọdún 35 títí dé ẹni ọdún 64. Ní 1953 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé àwọn dókítà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Lancet. Àìsàn ọkàn kò mú agbowó tó bó ṣe ń mú awakọ̀. Bó bá tilẹ̀ mú agbowó, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti ga díẹ̀ kó tó mú un. Ikú òjijì sì wọ́pọ̀ láàárín awakọ̀ ju láàárín agbowó lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bóyá wàhálà ojú ọ̀nà ló ń pa awakọ̀." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Morris náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ó wá wo àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ láti pín lẹ́tà. Àwọn mìíràn jókòó sídìí tábìlì tàbí sídìí tẹlifóònù. Àwọn tó jókòó yìí kò wa ọkọ̀ kankan. Síbẹ̀, àìsàn ọkàn mú wọn ju àwọn apín-lẹ́tà lọ.

Ó tún ku iyèméjì kan: bóyá awakọ̀ ti sanra tẹ́lẹ̀ kó tó gba iṣẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò! Ilé-iṣẹ́ ló ń rán aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n ìbàdí olúkúlùkù sì wà nínú ìwé. Ní 1956 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìbàdí ṣòkòtò awakọ̀ fẹ̀ ju ti agbowó lọ, àní láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré. Iyèméjì náà ní ìdí nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fi ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ wé ẹni tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi ẹni tó sanra wé ẹni tó sanra. Agbowó ṣì sàn jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á. Ọkàn wa dà bí pọ́ǹpù omi. Bí a bá rìn tàbí tí a bá gòkè, ẹsẹ̀ á béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ọkàn á sì máa fà á kíkankíkan. Pọ́ǹpù irin máa ń gbó nítorí ìlò. Ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹran ara ni. Ìlò ló ń mú un lágbára.

Morris kò kàn kọ ọ́ fún ẹlòmíì. Òun náà ń rìn, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó kú ní 2009, ó ku díẹ̀ kó pé 100 ọdún. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ń rìn ló máa dàgbà tó bẹ́ẹ̀ o. Ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ "ẹ sinmi" tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin 5, ẹni 20 ọdún, dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ 3. Ara wọn le kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára wọn ti dín kù gidigidi. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1996, wọ́n tún pe àwọn 5 yìí padà. Wọ́n ti di ẹni 50 ọdún, wọ́n sì ti sanra. Wọ́n tún wọn ara wọn wò. Agbára tí ọ̀sẹ̀ 3 lórí ibùsùn gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju èyí tí 30 ọdún gbà lọ! Wọ́n wá ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa sáré díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù 6. Agbára tí ara wọn fi ń ṣiṣẹ́ padà sí ibi tó wà nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni 20 ọdún.

Ẹni 50 ọdún kì í ṣe arúgbó, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ní 1990, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Fiatarone kọ nípa àwọn àgbàlagbà 10 nílé ìtọ́jú arúgbó ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọdún 86, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ ọdún 96. Fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé ohun wúwo sókè, wọ́n sì ń fi kún ìwúwo náà bí agbára wọn ṣe ń pọ̀. Ẹnì kan kò lè bá a dópin. Àwọn 9 tó kù, agbára ẹsẹ̀ wọn pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn méjì ju ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ 4, agbára náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lè rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lọ sóko, tó ń roko, tó ń gún iyán, ó ti ṣe ju agbowó Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ọjọ́ tó bá fi oko sílẹ̀ ni ewu dé, tó bá kàn ń jókòó sídìí ọpọ́n ayò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ayò dára fún orí, àmọ́ ẹsẹ̀ kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ọmọ wa tó kúrò ní Kétu lọ gun zemidjan ní Kùtọnu náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó ṣe jókòó sórí alùpùpù látàárọ̀, awakọ̀ Lọ́ńdọ̀nù gan-an ló jọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara wọn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú 30 ni, fún ọjọ́ 5. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó, irú èyí tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú rẹ̀, ilé gbígbá wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, wọ́n fi kún un pé kó máa ṣe ohun tó ń mú ẹsẹ̀ lágbára, tí kì í jẹ́ kéèyàn ta gẹ́gẹ́ ṣubú, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ìyá tí orúnkún wọn kò le mọ́ lè gbé àga ti ògiri, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún jókòó, nígbà mélòó kan, kí ọmọ kan sì dúró tì wọ́n. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti jókòó kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn jíjìn. Kó lọ sí ilé kejì lónìí, kó dé ọjà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àyà bá ń dùn yín bí ẹ ṣe ń rìn, tàbí tí èémí ń já lẹ́nu yín, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ rí dókítà kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.